Ìlà Mọ́kànlá Ìwé Bet Salab

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la lọ sí Jerúsálẹ́mù, nítorí pé Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni Dókítà Blumel ti ilé ìkàwé máa ń gba àlejò. Bọ́ọ̀sì méjì la wọ̀. Bàbá mi wọ aṣọ Ọjọ́ Ìsinmi wọn, wọ́n gbé ìgò omi èèpo kọfí, ohun mímu ilẹ̀ wa, sórí itan bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n. Ojú ọ̀tún ti lọ. Ti òsì ń kàwé díẹ̀ bí oòrùn bá mọ́lẹ̀ dáadáa.

Rumiya àbúrò mi jókòó sẹ́yìn wa. Ó rí báàgì tó wà láàárín ẹsẹ̀ mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Bùrọ̀dá Akọ̀wé, gbogbo lẹ́tà yẹn lẹ kó dání? À bá ti gba ìjókòó fún wọn.”

Mo fa báàgì náà mọ́ra. Lẹ́tà mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Èmi ni mo kọ gbogbo wọn, mo sì tọ́jú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan.

Ìwé tí a ń lọ bá ni ìwé abúlé wa, Bet Salab, ní òkè Yemen. Ìwé Márùn-ún Mósè ni, wọ́n fi ọwọ́ kọ ọ́, ó sì ti lé ní irinwó ọdún. Òun nìkan ni abúlé náà ní. Bàbá mi ni Mori wa, ìyẹn ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé. Wọ́n á gbé ìwé náà sílẹ̀ láàárín, a ó jókòó yí i ká ní ìhà mẹ́rin. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń rí lẹ́tà bó ṣe yẹ kí wọ́n rí i. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń rí i ní ìdùbúlẹ̀. Àwọn tó wà lókè ń rí i ní ìdoríkodò. Òkè ni bàbá mi fi mí sí, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé Mori ń ṣe ojúsàájú ọmọ tirẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi jókòó síbẹ̀.

Nígbà tí gbogbo abúlé dìde láti wá sí Ilẹ̀ Ìlérí yìí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí. Ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n la fi rìn dé àgọ́ tó wà nítòsí Aden. Èmi ni mo pọn ìwé náà, wọ́n fi awọ ewúrẹ́ wé e. Ẹsẹ̀ ìyá mi wú ní ọjọ́ kẹsàn-án. Wọ́n kú ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, a sì sin wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, lábẹ́ àwọn òkúta tí èmi àti Bàbá kó jọ. Rumiya ò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Ó ń béèrè ìgbà tí wọ́n máa jí.

Ní àgọ́ ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣètò ìrìn-àjò ti sọ fún wa pé ẹrù ti pọ̀ jù fún ọkọ̀ òfuurufú, pé kí a kó àwọn ìwé sínú àpótí, ọkọ̀ ojú omi á gbé wọn tẹ̀ lé wa. A kó wọn sínú àpótí. A ò rí wọn mọ́.

Nígbà tí a dé, ọkùnrin kan tó jókòó sídìí tábìlì na ìwé pélébé kan sí mi pé kí n kà á. Mo dorí rẹ̀ kodò kí n lè kà á bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́ síwájú orúkọ mi pé n kò mọ̀wé. Wọ́n fi mí sídìí òkúta fífọ́ lójú ọ̀nà. Ọdún mẹ́sàn-án àti oṣù mẹ́rin ni mo fi fọ́ òkúta. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, tí obìnrin kan tó kéré sí mi kọ́ mi láti máa ka lẹ́tà láti ìsàlẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo dá kọ sí ìjọba nígbà tí mo mọ̀ ọ́n kọ, ọ̀rọ̀ ìwé Bet Salab ló wà nínú rẹ̀.

Ọ́fíìsì kan á ní kí n kọ sí òmíràn. Òmíràn á ní àpótí náà rì sómi. Òmíràn á ní kò sí àpótí kankan rí. Ní ọdún tó kọjá, mo mú ọmọ Rumiya lọ sí ilé ìwòsàn, mo sì rí fọ́tò ìwé kan nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ó wà ní ilé ìkàwé ńlá kan ní Jerúsálẹ́mù. Ojú ewé tí wọ́n ya ni ti Òkun Pupa, ìhò iná kan sì wà lápá òsì rẹ̀, tó tó èékánná. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹyín iná ta sí i. Ọdún méjìlélógún ni mo fi wá ohun tí mo bá lórí àga ilé ìwòsàn.

Ohun kan ṣoṣo ni Bàbá ń fẹ́: kí ìwé náà wá sí sínágọ́gù abúlé tuntun wa, kí wọ́n kà á níwájú àwọn ènìyàn kí ojú òsì tó lọ. Dókítà Blumel ló ń tọ́jú àwọn ìwé àtijọ́ níbẹ̀, òun nìkan ló sì fèsì lẹ́tà mi bí ènìyàn ṣe ń fèsì. Ó ní ìgbìmọ̀ kan máa pinnu ní Ọjọ́bọ̀, pé lẹ́yìn Ọjọ́bọ̀ náà kò ní sí àgbéyẹ̀wò mìíràn, pé kí a mú ẹ̀rí tí a bá ní wá.

Ọkùnrin tín-ín-rín ni, ó ti ń darúgbó, wọ́n ti fi òwú tí kò bá a mu rán ìgbọ̀nwọ́ súẹ́tà rẹ̀. Nígbà tí a wọlé, ìgò ọwọ́ Bàbá ló kọ́kọ́ wò.

“Ẹ dákun, Bàbá, a kì í mu nǹkan nínú yàrá yìí.”

“Mi ò tíì mu ún.”

“Mo mọ̀, sà. Ẹ ṣáà fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.”

“Kí wọ́n jí i?”

“Ta ló máa jí omi èèpo kọfí?” Rumiya ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì gba ìgò náà lọ́wọ́ wọn.

Dókítà gbé ìwé náà wá lórí tìmùtìmù. Bàbá dìde. Wọ́n fi ẹnu kàn án, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n fajú ro.

“Ó ń rùn bí oògùn.”

“Oògùn kòkòrò ni, Bàbá.”

“Ìwé yìí ń ṣàìsàn ni?”

“Ó ṣe é. Ara rẹ̀ ti yá.”

Bàbá jókòó, wọ́n fi ọwọ́ lé etí ìwé náà, wọn ò gbé ọwọ́ kúrò mọ́. Mo kó lẹ́tà mi jáde. Mo sọ̀rọ̀ ìhò iná, mo sọ̀rọ̀ awọ ewúrẹ́. Dókítà fi sùúrù gbọ́ mi tán.

“Ọ̀gbẹ́ni Yefet, mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n abúlé mẹ́fà ló ń sọ pé àwọn ló ni ín. Mẹ́ta nínú wọn ló sọ̀rọ̀ ìhò iná. Kí ló ṣẹlẹ̀, ṣé gbogbo yín lẹ ń dáná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ni?”

“Òtútù ń mú wa,” Bàbá dá a lóhùn.

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ṣí ìwé náà níwájú, ó fi ìka hàn wá. “Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń kọ orúkọ sí, ẹni tó kọ ìwé, abúlé tó ni ín. Wọ́n ti gé e. Olè ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ ibi tó ti jí i. Tí ojú ewé yẹn bá wà ni, ẹ̀ bá ti gbé ìwé yín lọ sílé tipẹ́.”

“Kì í ṣe olè,” Bàbá sọ.

“Ta wá ni, Bàbá?”

“Èmi ni.”

Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa. Rumiya dìde láti ẹnu ọ̀nà.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ,” ó wí.

“Mo ní èmi ni mo gé e. Ṣé etí yín ti di ni? Ọ̀bẹ ni mo fi gé e, ní àgọ́ Aden, lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n gba àwọn ìwé.” Wọn ò wo ẹnì kankan nínú wa. “Ègún wà nísàlẹ̀ ojú ewé yẹn. Àwọn àtijọ́ ló kọ ọ́ síbẹ̀. Ó wà fún ẹni tó bá gbé ìwé yìí kúrò ní Bet Salab. Ó mẹ́nu kan ilé onítọ̀hún, ó mẹ́nu kan ọmọ rẹ̀. Kò sọ pé àfi ẹni tó ń lọ sí Ilẹ̀ Ìlérí. Kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀. A kúrò ní Bet Salab ní Ọjọ́ Ajé, a rìn fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, ìyá yín kú.”

Rumiya sún mọ́ tábìlì.

“Mo wá wo ẹni tó pọn ìwé.” Wọ́n fi àgbọ̀n júwe mi. “Òun ló kàn. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ dì í sínú àpótí. Wọn ò mọ nǹkan kan, ọ̀kan nínú wọn fún Rumiya ní bisikíìtì. Mo gé e kúrò. Ọmọ kan kú ní àgọ́ lọ́jọ́ náà. Mo fi ojú ewé náà sínú sàárè rẹ̀, bí a ṣe ń sin ìwé mímọ́.”

Mo ronú kan ìdúró lórí ìlà ọ́fíìsì, kan owó òǹtẹ̀, kan òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó ní kí n máa lọ kọ́ bí a ṣe ń jókòó sórí àga ná. Mo kọjú sí wọn.

“Bàbá, ọdún méjìlélógún. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Ìjọba lò ń bi. O ò bi mí.”

“Ẹ ń rí mi tí mò ń kọ lẹ́tà!”

“Mo rò pé ìwé lò ń wá. Mi ò mọ̀ pé ojú ewé ni.”

Rumiya fi ọwọ́ bo ojú. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń rín tàbí ẹkún ló ń sun. Dókítà nìkan ló ń ṣe nǹkan. Ó ti tẹ̀ ba sórí ìwé, ó gbé awò kan sójú, ó ń wo ibi tí wọ́n ti gé.

“Bàbá, ọwọ́ yín ń gbọ̀n lọ́jọ́ náà.”

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ ò gé e tán. Etí kan kù síbi tí wọ́n ti rán an, kò fẹ̀ tó ìka. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan ṣì wà lára rẹ̀.” Ó kà wọ́n. “Ìlà mọ́kànlá ni. Àwa ò mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Ṣé ẹ rántí ojú ewé náà?”

“Ṣé mo rántí orúkọ mi?”

“Ẹ kà á fún mi. Ìlà kan lẹ́ẹ̀kan, bó ṣe wà níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ yín bá bá àwọn lẹ́tà yìí mu láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìgbìmọ̀ ò ní rí nǹkan kan sọ.” Ó mú pẹ́ńsùlù.

Bàbá di ojú. Bí wọ́n bá dé òpin ìlà kan, wọ́n á fi ìka kan tábìlì, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún wa nígbà tí a wà lọ́mọdé, wọ́n á sì dúró.

“Èmi Da'ud ọmọ Oded ni mo kọ ìwé yìí ní ọdún eéṣú.

Mo kọ ọ́ fún sínágọ́gù Bet Salab, fún kíkà àgbà àti ọmọdé.

Ojú mi ti ń ṣókùnkùn. Ẹni tó bá rí àṣìṣe, kó má bú mi.”

Dókítà ń fi awò wo lẹ́tà, ó ń fi pẹ́ńsùlù sàmì. “Bẹ́ẹ̀ ni,” ó ń sọ. “Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ibẹ̀ ni ti Da'ud parí sí,” Bàbá sọ. “Àwọn ìyókù ló kọ èyí tó tẹ̀ lé e. Ọwọ́ kálukú yàtọ̀.

Nígbà tí ọba lé wa lọ sí Mawza, ilẹ̀ ooru, Musa gbé e dípò ẹní rẹ̀.

Ọmọ Musa méjì kú lọ́nà. Ìwé ò bàjẹ́.

Ọdún ìyàn, inú ìkòkò ọkà la fi sí, torí ọkà ò sí níbẹ̀.

Ọdún tí wọ́n ń fipá kó ọmọ òrukàn wa, Kadya opó rì í mọ́ ilẹ̀ ilé rẹ̀, a sì tún rí i.”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” Dókítà sọ. “Ìlà méje, Bàbá. Gbogbo rẹ̀ ló bára mu. Ó ku mẹ́rin.”

Bàbá la ojú. Wọ́n gbé ìka kúrò lórí tábìlì.

“Ó tán.”

“Kò tán, sà. Lẹ́tà mẹ́rin ṣì wà nísàlẹ̀ níbí.”

“Ègún nìyẹn. Mi ò ní sọ ọ́.”

“Ẹ ṣáà kà á ni. Ọ̀rọ̀ lásán ni.”

“Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, kí lo fẹ́ fi ṣe?” Bàbá ti kọjú sí i tán báyìí. “Gbọ́, Dókítà. Ìwé yìí kò sí ní Bet Salab. Ọwọ́ ta ló wà?”

“Ọwọ́ ilé ìkàwé.”

“Ilé ìkàwé ò lọ́wọ́. Ta ló gbé e wá síbí lórí tìmùtìmù?”

“Èmi ni.”

“Mo sin ègún yẹn. O fẹ́ kí n hú u jáde, kí n gbé e lé ọ lórí lójúkojú?”

“Mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, Bàbá. Èmi kì í gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́.”

“Ṣé o bímọ?”

“Ọmọbìnrin kan.”

“Kí lorúkọ rẹ̀?”

“Tirtsa.”

“Pa ẹnu ẹ mọ́, bàbá Tirtsa.”

Rumiya fọwọ́ kan èjìká wọn. “Bàbá, ẹ wò ó, ìwé náà lẹ ń fẹ́. Ó ti wà lọ́wọ́ yín. Ìlà mẹ́rin péré.”

“Mo gbọ́ ọ.”

“Ó ní òun gbà á!”

“Òun gbà á. Ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?”

Dókítà gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀. Ó wo aago ara ògiri, ó wò mí. Ó ti ń rẹ òun náà. “Ọ̀gbẹ́ni Yefet, ìlà méje tó fún èmi. Ṣùgbọ́n mo mọ ìgbìmọ̀ yìí. Abúlé kan ti mú agbẹjọ́rò. Wọ́n á ní ẹnikẹ́ni lè mọ ìtàn Mawza, wọ́n á ní bàbá yín ka ibi tó wù ú, ó sì fo ibi tí kò mọ̀. Ìlà mọ́kànlá nìkan ni wọn ò lè jiyàn lé lórí.” Ó tún wo etí ojú ewé tí wọ́n gé náà. “Ẹ̀yin náà kọ́wé níwájú ojú ewé yìí. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?”

Mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo àwa tí a jókòó yí ìwé náà ká ló mọ̀ ọ́n. Ibi tí Mori kì í jẹ́ kí a kà sókè ni a máa ń kọ́kọ́ kọ́ sórí. Ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà lẹ́nu mi, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Ó ku kí n la ẹnu.

Mo wo Bàbá. Wọn ò wò mí. Wọn ò ṣẹ́jú sí mi, wọn ò sì fọwọ́ kàn mí. Wọ́n dojú kọ ìwé náà, wọ́n ń fi àtàǹpàkò pa etí rẹ̀ lọ pa á bọ̀, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Mo rí ẹ̀yìn ọrùn wọn, bó ṣe tín-ín-rín tó nínú kọ́là Ọjọ́ Ìsinmi. Mo ronú nípa ọkùnrin kan nínú àgọ́ tó ń fọgbọ́n fi ọ̀bẹ gé ìwé tó fẹ́ràn jù láyé, nítorí èmi tí mo sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Bùrọ̀dá,” Rumiya sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “ẹ mọ̀ ọ́n. Mo rí i lójú yín.”

“Mi ò rántí,” mo wí.

Dókítà wò mí pẹ́. “Ẹ kọ lẹ́tà mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.”

“Ibi òkè ìwé ni mo jókòó sí,” ni mo sọ. “Ìsàlẹ̀ jìnnà sí mi.”

Kò béèrè mọ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: ìlà méje nínú mọ́kànlá. Bàbá wá ní kí ó jẹ́ kí àwọn kàwé díẹ̀. Ó yí fìtílà sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ṣí i sí ibi tí à ń kà ní ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n kà á sókè pẹ̀lú ohùn orin rẹ̀, títí ojú òsì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọjú láti yàrá kejì pé ariwo ti pọ̀. Dókítà ní kó padà. Nígbà tí wọ́n kà á dé ìdajì, wọ́n pa ìwé náà dé fúnra wọn, wọ́n sì tì í díẹ̀díẹ̀ lọ sí iwájú Dókítà.

Nínú bọ́ọ̀sì, Rumiya ò bá mi sọ̀rọ̀. Bàbá mu omi èèpo kọfí wọn, wọ́n sùn.

Lẹ́yìn Àjọ Àgọ́ ni lẹ́tà ìgbìmọ̀ dé. Wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, ìpínrọ̀ méjì ni. Wọ́n ní ẹ̀rí tí a mú wá wú àwọn lórí, ṣùgbọ́n kò pé. Ìwé náà á wà níbi tó wà. Àwọn ará abúlé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lè wá wò ó ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí wọ́n bá kọ́kọ́ kọ lẹ́tà.

Bàbá wà lórí àga níwájú ilé, nínú oòrùn. Ojú òsì náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Wọ́n gbọ́ bí mo ṣe ya àpò lẹ́tà.

“Láti ibẹ̀ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Kà á.”

Mo kà á. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin, wọ́n mi orí lẹ́ẹ̀kan.

“Kò tán síbẹ̀,” wọ́n ní. “Blumel kò kọ nǹkan kan nípa ọmọ rẹ̀?”

Mo wo ìwé náà. Ìpínrọ̀ méjì ni, lẹ́yìn rẹ̀ òǹtẹ̀ àti àmì ọwọ́ alága ìgbìmọ̀ tí n kò mọ̀ rí. Orúkọ Blumel ò sí níbẹ̀.

“Ó kọ ọ́,” mo wí. “Ó ní Tirtsa wà dáadáa. Ó ní kí n kí yín.”

“Ó dáa.” Wọ́n yí orí sí ibi tí oòrùn wà. “Ní kí Rumiya bá mi gbé búrẹ́dì wá. Kó fi ata sí i.”